Èmi Ni Jésù Gùn ní Calgary

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́, torí pé àwọn tá a jọ wà ní Calgary ò mọ̀ ọ́n. Ní sọ́míìlì tó wà lẹ́yìn ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, èmi ni olórí àwọn tó ń ru pákó. Pákó ìrókò tí ọkùnrin méjì ń pawọ́ pọ̀ gbé, èmi nìkan ni mo máa ń gbé e lé èjìká, màá sì máa súfèé lọ. Bí lọ́rì bá rì sínú ẹrẹ̀, wọn kì í wá katakátà, èmi ni wọ́n máa ń wá. Ìwé nìkan ni kò fi bẹ́ẹ̀ bá mi rẹ́. Tíṣà mi nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sọ pé orí mi le. Kò parọ́. Orí tó máa ru ìrókò, ṣé ó yẹ kó rọ̀ ni?

Ìyàwó mi ló kàwé. Nọ́ọ̀sì ni, ìwé rẹ̀ ló sì mú PR, ìwé ìgbélùú Canada, wá, tí èmi àti Títí ọmọ wa fi tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi bi mí pé kí ni mò ń lọ ṣe lọ́hùn-ún. Mo ní ìlú òyìnbó ló gbọ́ ìròyìn mi. Màámi gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ní Ọlọ́run tó ń bá mi lọ kò ní fi mí sílẹ̀. Mo ní, "Màámi, èmi kọ́ lẹ máa gbàdúrà fún. Àwọn ará ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbàdúrà fún, torí mò ń bọ̀."

Snow ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn.

À ń gbé ní Taradale, nínú basement, ìyẹn yàrá abẹ́ ilé. Fèrèsé wa ga sókè débi pé ẹsẹ̀ àwọn èèyàn nìkan là ń rí tí wọ́n bá ń kọjá. Mo mọ gbogbo àdúgbò yẹn láti orúnkún sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣílẹ̀kùn, gbogbo ilẹ̀ funfun bíi láfún tí wọ́n sá. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Títí, ẹ rọra o, yìnyín wà lábẹ́ ẹ̀." Mo ní, "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" Kó tó fèsì, mo ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo dìde, mo tún lọ. Títí dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì ilé ìwé ẹ̀ lẹ́yìn, ó ní, "Daddy, walk like a penguin."

Mo bi ìyá ẹ̀ pé kí ni penguin. Ó ní ẹyẹ kan ni, kò lè fò, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n rìn lórí yìnyín. Ẹ gbọ́ mi o. Èmi tí mo máa ń ru ìrókò kọjá lórí afárá onípákó kan ṣoṣo, ẹyẹ tí kò lè fò ni ọmọ bíbí inú mi ní kí n lọ kọ́ ìrìn lọ́dọ̀ ẹ̀. Mo kọ́ ọ náà. Kí òtútù ọdún yẹn tó lọ, mo ti di ọ̀gá gbogbo penguin.

Ọdún tá a dé gan-an ni owó epo rọ̀bì ṣubú. Ẹni tí kò gbé Calgary rí ò lè mọ ohun tí mò ń sọ. Níbẹ̀, epo ni wọ́n fi ń kọ́lé, epo ni wọ́n fi ń gbéyàwó. Bó ṣe já wálẹ̀ lọ́jà ayé, àwọn ilé gogoro downtown bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo láti àjà dé àjà. Àwọn èèyàn tó múra dáadáa ń sunkún nínú train. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́run: àga àti tábìlì tí àwọn tó ń sunkún fi sílẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kó wọn jáde. Ta ni? Nígbà tí gbogbo ìlú ń pariwo pé kò síṣẹ́, èmi ò rí àyè yọ imú.

Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, òyìnbó kan tí irùngbọ̀n ẹ̀ bo ọrùn, ń wò mí lọ́jọ́ tí mo dá gbé tábìlì ọ̀gá àgbà kan jáde. Ó mi orí, ó ní, "You're a machine." Mo pe Màámi nílé, mo ní, "Wọ́n ti ń pè mí ní ẹ̀rọ níbí o." Wọ́n dúpẹ́, wọ́n dúpẹ́. Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n mọ̀ pé èèyàn ni ẹ́ ṣá?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Nílé, tí n bá kọjá lára èèyàn láìkí i, wọ́n á lọ fẹjọ́ mi sun ìyá mi. Ní Calgary, tí n bá kí èèyàn nínú ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè, á bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni mò ń bá wí. Àjò máa ń sọ èèyàn di ẹni tó ń polówó ara ẹ̀ fún àwọn tí ò fẹ́ ra nǹkan kan. Mo sọ ìtàn ìrókò fún àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́, wọn ò mọ igi tó ń jẹ́ ìrókò. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ jẹ́ alágbára níwájú ẹni tí kò mọ ohun tó gbé?

Mo ní kò burú, ṣọ́ọ̀ṣì wà. Àwọn ọmọ Yorùbá ló pọ̀ jù níbẹ̀, nínú gbọ̀ngàn kan tí a rẹ́ǹtì nítòsí ibùdó train ní Marlborough. Àṣé ibẹ̀ gan-an lèmi á ti kéré jù. Gbogbo ọkùnrin ibẹ̀ ló ní orúkọ tó ṣáájú orúkọ: Ẹnjiníà lágbájá, Dókítà tàmẹ̀dù. Èmi nìkan ni Brother. Wọ́n sì wò mí láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n fi mí ṣe ẹni tó ń to àga. Mò ń kó àga láti Monday dé Saturday. Tó bá di Sunday, mo tún bọ́ sídìí àga. Mo bi Ọlọ́run léèrè pé ṣé kò rí nǹkan mìíràn lára mi ni. Mi ò fẹ́ oyè, mi ò fẹ́ ipò. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ní gbogbo ìlú yẹn: kí wọ́n rí mi. Kí èmi náà dúró níbì kan lọ́jọ́ kan, kí wọ́n wò mí, kí wọ́n ní, "Háà, ọkùnrin yìí!"

Ọkùnrin kan wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn tí gbogbo wa ń pè ní Ẹnjiníà, bí ẹni pé òun nìkan ni. Òun ló máa ń ka ìfilọ̀. Ó ga, ó wọ awò ojú, kóòtù búlúù ẹ̀ máa ń dán. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ta ló ń wo ọjọ́ orí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù yẹn?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń ti kẹ̀kẹ́ tí mo kó àga sí lọ ní ìsàlẹ̀ ilé gogoro kan ní downtown. Ilẹ̀kùn ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè ṣí, ta ni mo rí? Ẹnjiníà! Ó gbé páálí kékeré kan dání, òdòdó inú ìkòkò yọrí lókè ẹ̀, ife tíì àti fọ́tò àwọn ọmọ ẹ̀ wà nínú ẹ̀, ẹ̀ṣọ́ kan sì ń tẹ̀ lé e. Ẹ má gbàgbé pé láti òwúrọ̀, mi ò tíì rí ojú tí mo mọ̀. Inú mi dùn débi pé mo fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀.

Mo ké, "Ẹnjiníà! Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ kú iṣẹ́ ńlá!"

Ojú ẹ̀ yí padà bí ẹni tí wọ́n da omi gbígbóná sí lára. Mo rò pé kò gbọ́ ni, mo wá gbé ohùn sókè kí gbogbo ilé náà lè gbọ́ àdúrà: "Iṣẹ́ ò ní tán lọ́wọ́ yín o! Ibi tẹ́ ẹ wà yìí, ẹ ò ní kúrò níbẹ̀ láéláé!"

Ẹ̀ṣọ́ yẹn wò mí. Ẹnjiníà tẹ orí ba, ó gun àtẹ̀gùn wọ ọ̀nà onígíláàsì tó so ilé kan mọ́ òmíràn lókè títì, èyí tí wọ́n ń pè ní Plus 15, ó yára lọ.

Ìyàwó mi ló là mí lóye nígbà tí mo délé. Ó kọ́kọ́ bo ẹnu, ó wá jókòó. Ó ní, "Bàbá Títí, ẹni tó bá gbé páálí jáde báyẹn ní Calgary, wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ni." Mo ní kí ló dé tí wọn ò kọ ọ́ sára páálí?

Ẹnjiníà ò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday. Kò wá ní èyí tó tẹ̀ lé e. Ìyàwó ẹ̀ ní iṣẹ́ ló gbé e rìnrìn àjò, gbogbo ìjọ sì dìde, wọ́n gbàdúrà kí Ọlọ́run mú un lọ kó mú un bọ̀. Èmi àti ìyàwó mi ṣe àmín. Mo lẹ́nu, gbogbo ayé ló mọ̀, ṣùgbọ́n mo ní ilẹ̀kùn tí mo fi ń tì í.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí Àjíǹde dé, ìyàwó pásítọ̀ wa, tí gbogbo wa ń pè ní Mummy bó tilẹ̀ jẹ́ pé àbúrò mi ni lọ́jọ́ orí, sọ pé lọ́jọ́ Sunday Imọ̀-ọ̀pẹ, a máa tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ jáde bíi ti ilé. A máa kọrin dé iwájú mall, a máa ṣe eré bí Jésù ṣe wọ Jerúsálẹ́mù. Mo lọ bá a ṣáájú gbogbo èèyàn. Mo ní, "Mummy, ẹ má wulẹ̀ wá Pétérù kiri. Ẹ wo àyà mi. Ẹ gbọ́ ohùn mi."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ohun tí mo ní fún yín ju Pétérù lọ. Ẹ̀yin lẹ máa gbé Jésù."

Mo ké halelúyà kí n tó ronú. Kí n tó dé basement ni mo ti pe Màámi. Mo ní, "Nínú gbogbo àwọn ẹnjiníà tó wà níbí, èmi ni wọ́n yàn láti gbé Jésù wọ ìlú." Màámi figbe ta. Wọ́n ní àwọn máa pe gbogbo agbo ilé jọ sídìí fóònù àbúrò mi lọ́jọ́ náà, kí wọ́n wò mí lórí WhatsApp. Mo ní kí wọ́n gbé àga síta, kí ibi ìjókòó má baà há.

Lọ́jọ́ ìdánrawò ni mo tó rí aṣọ tí wọ́n rán. Búláńkẹ́ẹ̀tì eléérú méjì tí wọ́n so pọ̀, orí tí wọ́n fi páálí ṣe, etí gígùn méjì.

Mo ní, "Mummy, kí nìyí?"

"Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin àti ẹnì kan."

"Èmi ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́?"

"Ìdajì ẹ̀."

"Ìdajì wo?"

Mummy húkọ́. "Ẹ̀yìn."

"Ẹ̀yìn bíi ti báwo?"

"Ẹ̀yìn náà ni, ẹ̀gbọ́n. Ìdí ẹ̀."

Ìyàwó mi sá jáde, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín ẹ̀ láti ìta. Mo ní mi ò ṣe. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tó bá pe èèyàn ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ìjà ló ń wá. Ẹni tó wá pe èèyàn ní ìdí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ńkọ́? Kí ni mo fẹ́ sọ fún agbo ilé tó ń gbé àga síta?

Ṣùgbọ́n Mummy mọ ibi tí okùn mi wà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló lágbára tó yín nínú ìjọ yìí? Orí kàn ń ríran lásán ni. Ẹ̀yìn ni Jésù máa jókòó lé. Ẹ sì rò ó wò. Ẹṣin àwọn ológun wà ní Jerúsálẹ́mù. Ràkúnmí àwọn olówó wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n so mọ́ ẹ̀bá ọ̀nà, tí ẹnikẹ́ni ò kà sí, òun ni Olúwa ní kí wọ́n lọ tú wá fún òun."

Mò ń ro ti ẹranko yẹn. Ó wà ní ìdí òpó ẹ̀, oòrùn ń pa á, àwọn ẹṣin ń kọjá pẹ̀lú gàárì aláràbarà, kò sẹ́ni tó kí i. Mo ní, "Ta ni orí?"

Mummy rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Ẹnjiníà."

Àṣé ó ti lọ bá Ẹnjiníà nílé, níbi tó sá pamọ́ sí nínú basement ara ẹ̀, tó sì jẹ́ pé láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti ń dá a lóhùn pé òun ò lè wọ inú ìjọ kí wọ́n máa wo òun. Mummy ní iṣẹ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni ò ní rí ojú ẹ̀. Ìgbà yẹn ló ṣílẹ̀kùn. Ẹ ò rí nǹkan? Ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun, òun ni wọ́n fún lórí. Èmi tí mo fẹ́ kí gbogbo ayé rí mi, ìrù ló kàn mí.

A dánra wò, à ń jà. Mo máa bẹ̀rẹ̀, màá sì di bẹ́líìtì ẹ̀ mú láti ẹ̀yìn. Á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra, ẹ fẹ́ bọ́ ṣòkòtò mi." Màá ní, "Ẹnjiníà, ibo lẹ fẹ́ kí n dì mú? Etí yín?" Kò dárúkọ ọjọ́ tí mo kí i ní downtown, èmi náà ò dárúkọ ẹ̀. Ẹni tó ń ṣe Jésù ni Dámilọ́lá, ọmọ yunifásítì kan tó rí tín-ín-rín. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo ní ìrókò wúwo ju èyí lọ.

Sunday Imọ̀-ọ̀pẹ dé, snow sì dé. Kò sí igi ọ̀pẹ ní Calgary, nítorí náà ewé òdòdó ni àwọn kan gbé dání, àwọn tó kù gé ẹ̀ka igi tí ewé ẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́. Jésù tín-ín-rín yẹn wọ jákẹ́ẹ̀tì lórí jákẹ́ẹ̀tì sábẹ́ aṣọ funfun, ó wá sanra bí oníbúrẹ́dì. Ìyàwó mi gbé fóònù sókè, mo gbọ́ ariwo agbo ilé wa nínú ẹ̀ kí wọ́n tó da búláńkẹ́ẹ̀tì bò mí. Lẹ́yìn ìyẹn, òkùnkùn. Gìgísẹ̀ Ẹnjiníà àti snow nìkan ni mò ń rí. Jésù gùn mí. Wọ́n gbé orin sókè, Hòsánà ta, a sì gbéra. Mo fi ẹsẹ̀ penguin rìn. Ìdí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó gbóná jù lọ ní gbogbo Canada ni.

Nígbà tá a dé iwájú mall, gìgísẹ̀ Ẹnjiníà dúró.

Mo ní, "Ẹnjiníà, kí ló dé?"

Mo fa bẹ́líìtì ẹ̀.

"Ẹ rìn. Jésù ti ń tutù lórí mi."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè lọ mọ́."

"Ṣé ilẹ̀ ń yọ̀ ni?"

"Ọkùnrin kan dúró níwájú wa. Ọmọ Íńdíà ni. A jọ ṣiṣẹ́ lọ́fíìsì. Ó ń fi fóònù ya wá."

"Ẹ jẹ́ kó yà wá. Ẹran wa rẹwà."

"Mo sọ fún un pé mo ti ríṣẹ́ sí Houston."

Mo rò ó wò. "Níbo ni Houston?"

"Amẹ́ríkà ni."

"Ṣé ó jìnnà sí Marlborough?"

"Ẹ̀gbọ́n, ó jìnnà gan-an."

Níta, wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé eré ni, pé bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ṣe máa ń ṣorí kunkun là ń ṣe. Mummy fi ẹ̀ka igi na ìdí mi, ó ní, "Gbéra, ìwọ ẹran yìí!" Láti òkè, Jésù sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Uncle, abeg, make una move. My leg don freeze." Mo fi orí ti Ẹnjiníà. Kò mì. Àárín kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ga sókè bí òkè, Jésù bá a gòkè, ó bá a sọ̀ kalẹ̀, àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́.

Mo ní, "Ṣebí orí páálí wà lórí yín. Báwo ni ará Íńdíà yẹn ṣe fẹ́ mọ̀ yín?"

Ó ní, "Bí òun ò tiẹ̀ mọ̀, èmi mọ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo gbogbo ìwé tí mo kà. Ẹ wò mí. Mo ti di kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́."

Mo ní, "Ìdajì ni. Ìdajì tó lójú tó létí ni wọ́n sì fún yín. Èmi tí wọ́n fún ní ìrù ńkọ́?"

Ohùn kan jáde lọ́fun ẹ̀. Mo rò pé ikọ́ ni. Bẹ́líìtì ẹ̀ ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi, mi ò sì mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín. Ó dà bíi pé méjèèjì ń du ẹnu ọ̀nà kan náà. Mo ti gbé oríṣiríṣi ẹrù, mi ò gbé èyí tó rí báyẹn rí.

Mo ní, "Kí ni ìyá rẹ máa ń pè ẹ́? Ṣebí kì í ṣe Ẹnjiníà ni wọ́n bí."

Ó ní, "Àjàní. Láti ìgbà tí wọ́n ti lọ, kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́."

Mo wà ní ìdí ẹran, Olúwa wà lẹ́yìn mi, snow ń wọ bàtà mi, mo sì pè é bí ìyá ṣe ń pe ọmọ. Mo ní, "Àjàní o! Àjàní tí wọ́n jà kí wọ́n tó ní. Ohun tí èèyàn jà fún, kì í sọ ọ́ nù torí pé epo bọ́. Ẹni tó gùn wá yìí ò bi mí léèrè ìwé tí mo kà kó tó gùn mí, kò sì bi ọ́ léèrè ibi tó o ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó máa rìn ló ń wá. Gbé ẹsẹ̀, Àjàní. Gbé ẹsẹ̀, àbúrò mi."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò ríran. Omi ti bo awò ojú mi."

Mo gbọ́ tí páálí dún. Ìmọ́lẹ̀ wọlé bá mi nínú búláńkẹ́ẹ̀tì. Ó ti bọ́ orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó fi há abíyá. Níta, orin dáwọ́ dúró. Mo gbọ́ ohùn ìyàwó ẹ̀: "Olúwa mi o!" Gbogbo ìjọ rí ojú ẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ojú tó sunkún, láàárín títì. Gìgísẹ̀ ẹ̀ sì gbéra. Mo tẹ̀ lé e, kí ni mo tún fẹ́ ṣe? A rìn lọ tààrà bá ará Íńdíà yẹn, a dúró.

Mi ò rí ojú ọkùnrin náà, bàtà ẹ̀ nìkan ni mo rí. Ó wá ní, "So this is Houston."

Ẹnjiníà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gba bẹ́líìtì kọjá sí ọwọ́ mi, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, Jésù tó wà lókè ń mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀. Ará Íńdíà náà ní wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun náà, òun ò tíì lè sọ fún ìyàwó òun, òun kàn ń rìn káàkiri mall ni. Lẹ́yìn náà, ó ti fóònù bọ àpò. Ilẹ̀ ibẹ̀ dagẹ̀rẹ̀, yìnyín sì wà níbẹ̀. Ó wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó di ẹsẹ̀ Jésù mú kó má baà já bọ́, ó sì bá wa rìn báyẹn padà dé ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò bi í léèrè ẹ̀sìn tó ń ṣe. Ẹni tó bá di ẹsẹ̀ Jésù mú, kí ni mo fẹ́ tún bi í?

Nínú gbọ̀ngàn, pásítọ̀ fún Ẹnjiníà ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn kó ka ìfilọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Kò wọ kóòtù, irun búláńkẹ́ẹ̀tì wà lára ẹ̀. Ó ní, "Mi ò rìnrìn àjò kankan. Inú ilé ni mo wà. Mi ò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ bá mi gbàdúrà." Dókítà kan tí kì í ṣe dókítà aláìsàn, dókítà epo ni, dìde, ó ní, "Èmi náà." Arábìnrin kan lẹ́yìn dìde. Ọkùnrin mìíràn tó wọ kóòtù tó dán ju gbogbo wọn lọ dìde, kò tiẹ̀ lè sọ̀rọ̀. Ẹnu yà mí. Gbogbo àga tí mò ń kó jáde ní downtown, àṣé àwọn tó ń jókòó sórí wọn ló wà níbí, tí wọ́n ń bi ara wọn léèrè àlàáfíà iṣẹ́ ní gbogbo Sunday, tí wọ́n ń ṣe àmín.

Látìgbà yẹn, ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ti rọ̀ mí lọ́rùn. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn náà ti wá kéré lójú mi. Ó kàn jẹ́ pé a ti mọ ìdí tá a fi wà níbẹ̀. Mo sì ti wá mọ̀ dájú pé Ọlọ́run kì í yan èèyàn torí agbára. Tó bá jẹ́ torí agbára ni, èmi ni ì bá kọ́kọ́ yàn, ì bá sì ti fi mí síwájú.

Lọ́jọ́ yẹn ṣá, ọkàn mi ò balẹ̀. Àwọn èèyàn ń jẹ puff-puff, èmi ń ro agbo ilé. Wọ́n jókòó, wọ́n wò, wọn ò rí mi. Nígbà tí ìyàwó mi gbé fóònù fún mi, mo jáde sí ọ̀nà àbájáde.

Màámi ní, "Ó dára púpọ̀. Mo rí Jésù yín. Ara ẹ̀ ti le jù fún ẹni tó gbààwẹ̀."

Mo ní, "Màámi, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé ẹ ò rí mi. Ibi tí wọ́n fi mí sí..."

"Ta ni ò rí ẹ? Ìwọ kọ́ ni ìdí ẹran yẹn ni?"

Ẹsẹ̀ mi fẹ́ yọ̀ nílẹ̀ tí kò sí yìnyín. "Ta ló sọ fún yín?"

"Ta ni ì bá sọ fún mi? Ìdí tí mo wẹ̀, tí mo pọ̀n, tí mo fi pàṣán nà títí, wọ́n wá da búláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, wọ́n ní kí n má dá a mọ̀? Bó ṣe yọ báyìí, mo ti dìde. Mo ní ẹ wá o, ọmọ mi rèé. Gbogbo agbo ilé ló dìde. Wọ́n ṣì ń jó lọ́wọ́ báyìí. Gbọ́ wọn."

Mo gbọ́ wọn. Mo fi ẹ̀yìn ti ògiri.

Ẹnjiníà ti jáde wá bá mi, orí páálí ṣì wà lábẹ́ apá ẹ̀. Ó gba fóònù, ó tẹ̀ ba bí ọmọ tó kọ́ ẹ̀kọ́ ilé, ó ní, "Ẹ káàsán, mà. Àjàní lorúkọ mi. Èmi ni mo wà níwájú."

Màámi ní, "Ẹnì kan wà níwájú?"